Hōshō, Ọkọ̀ Agbébàálù Àkọ́kọ́ ti Japan, àti Ohun Tí Géèmù Kò Jẹ́ Ká Rí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níjókòó, mo kí yín kú àbọ̀. Inú pálọ̀ ilé mi ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń gbá géèmù World of Warships, ọkọ̀ Hōshō ló sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ó rán ọ̀wọ́ bàálù kan jáde pẹ̀lú tọ́pídò, ohun ìjà tó ń sáré nínú omi, lábẹ́ ikùn wọn, ó darí wọn gba ẹ̀yìn erékùṣù kan, ó sì já wọn lu ọkọ̀ ogun Wyoming ti Amẹ́ríkà láti ẹ̀gbẹ́. Tọ́pídò já sínú omi, ó fa ìlà funfun méjì, omi fọ́n sókè lára Wyoming. Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì kan, bàálù tó ṣẹ́ kù gbórí sókè, wọ́n sì wọ inú kùrukùru lọ. Mo bi í pé, “Níbo ni wọ́n wá gbà?” Ó ní, “Wọ́n ti ń lọ sílé nìyẹn, Bàbá.” Mo ní, “Ta ni yóò mú wọn balẹ̀ sórí ọkọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ má dààmú, wọ́n á balẹ̀ fúnra wọn.”

Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí tí wọ́n fi kan Hōshō gan-an ni pé bàálù kì í balẹ̀ fúnra rẹ̀ sórí ọkọ̀ tó ń rìn lójú òkun. Bí ìbalẹ̀ bá rọrùn bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ yẹn, ọkọ̀ tí à ń wí yìí kì bá tí ní ìtàn kankan.

Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ géèmù náà: ilé iṣẹ́ Wargaming ló gbé e jáde ní ọdún 2015. Ẹgbẹ́ méjì ni yóò kojú ara wọn lórí omi, oníkálukú pẹ̀lú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìjà kan kì í sì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìpele-ìpele ni wọ́n to àwọn ọkọ̀ náà bí àkàbà, láti ìpele kìíní lọ sókè. Ìpele kẹrin ni Hōshō wà, kò sì sí ọkọ̀ agbébàálù Japan kankan nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà orí rẹ̀ ni ẹni tó bá yan ọ̀nà Japan ti ń kọ́ṣẹ́. Títí di ìparí ọdún 2018, òkè réré ni agbágéèmù ti ń wo ojú òkun, tí ó ń ti àwọn ọ̀wọ́ bàálù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń ta ayò. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n yí i padà, tí agbágéèmù fi dà bí ẹni pé ó wà láàárín àwọn bàálù fúnra wọn. Nígbà náà ni wọ́n dín àkàbà ọkọ̀ agbébàálù Japan kù sí mẹ́rin: Hōshō, Ryūjō, Shōkaku, àti Hakuryū tí ẹnikẹ́ni kò kàn rí láyé.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ gidi. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1920 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ilé iṣẹ́ akànkọ̀ Asano ní Tsurumi, ní Yokohama. Wọ́n tì í sínú omi ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1921, wọ́n wọ́ ọ lọ sí Yokosuka láti parí rẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1922. Orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹyẹ àrà inú ìtàn àtijọ́ wọn tó ń fò lókè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń rán wa létí pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan Hermes tiwọn láti ọdún 1918, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ lóyún kọ́ ló kọ́kọ́ bímọ. Langley ti Amẹ́ríkà wọ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1922 ní tirẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ akẹ́dùú ni wọ́n tún ṣe tó fi di agbébàálù. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n yà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bàálù ni wọn yóò máa gbé, Hōshō ló kọ́kọ́ parí.

Kò tóbi. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pé 7,500 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ bàálù tó ń gbé kò ju bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Pèpéle orí rẹ̀ gùn tó mítà 168, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì pé mítà 23. Ẹ fojú inú wò ó: bí ẹ bá la pápá bọ́ọ̀lù sí mẹ́ta ní gígùn, tí ẹ mú ìdá kan, tí ẹ wá fà á gùn sí i, ibẹ̀ ni bàálù yóò balẹ̀ sí, ibẹ̀ ọ̀hún sì ń sáré lójú òkun, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, imú rẹ̀ ń bọ omi, ó tún ń yọ.

Àwọn tó kàn án fúnra wọn kò mọ bí yóò ṣe rí. Japan ti pe àwọn olùkọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Sempill jẹ́ olórí wọn, wá sí ibùdó bàálù Kasumigaura ní ọdún 1921 láti kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ní fífò, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi sára Hōshō sì jẹ́ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dán wò lọ́wọ́. Àdéhùn Washington ti ọdún 1922, tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi dín iye ọkọ̀ ogun wọn kù, pàápàá sọ ọ́ gbangba pé gbogbo ọkọ̀ agbébàálù tó wà tàbí tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1921 jẹ́ ọkọ̀ ìdánwò. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ní wọ́n ti Hōshō sínú omi. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gééré ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ balẹ̀ sórí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Japan. William Jordan ni, awakọ̀ òfurufú ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá Mitsubishi ṣiṣẹ́, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1923. Bàálù ajagun tí Herbert Smith, Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó ti bá ilé iṣẹ́ Sopwith ṣiṣẹ́ rí, yà fún Mitsubishi ló gbé wá. Ní oṣù kẹta ni Shun'ichi Kira di ọmọ Japan àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bàálù ìgbà náà fúyẹ́ púpọ̀, igi àti aṣọ ló pọ̀ lára rẹ̀; kì í ṣe àìdúró ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù, bí kò ṣe pé kí afẹ́fẹ́ má gbá a dànù láti ẹ̀gbẹ́ sínú omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi na wáyà láti ìdí pèpéle lọ sí iwájú rẹ̀, kí ìkọ́ abẹ́ bàálù lè bọ́ sáàárín wọn, kí ó sì máa sáré tààrà títí yóò fi dúró. Ọgbọ́n yẹn kò pẹ́ tó fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ léwu, nítorí wáyà tó yẹ kó di bàálù mú lè lọ́ mọ́ ọn kó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n wá na wáyà ní ìbú, tí ìkọ́ ìrù bàálù sì ń fa ọ̀kan nínú wọn.

Ibi tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nìyí, nítorí a lè ka ìtàn àṣìṣe àwọn ènìyàn sára ọkọ̀ náà bí ẹni ń ka ilà ojú. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ilé ìdarí kékeré kan wà ní apá ọ̀tún pèpéle rẹ̀, iwájú pèpéle náà sì dagun sísàlẹ̀ díẹ̀ kí bàálù tó ń gbéra lè rí agbára fi sáré. Àwọn awakọ̀ fò, wọ́n balẹ̀, wọ́n ráhùn. Ní ọdún 1924 wọ́n yọ ilé ìdarí náà kúrò, wọ́n sì tẹ́ iwájú pèpéle. Òpó èéfín rẹ̀ mẹ́ta ní apá ọ̀tún ṣeé dà bolẹ̀ nígbà tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, kí èéfín má bàa bo awakọ̀ lójú. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tó ń gbé wọn dìde kò tó wàhálà rẹ̀, wọ́n kúkú fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀. Wọ́n tún dán iná àti dígí wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle láti fi tọ́ awakọ̀ sọ́nà. Nínú ọgbọ́n iná tí Japan padà ń lò, bí ìlà iná méjì bá tò dọ́gba lójú awakọ̀, ó ń bọ̀ dáadáa; bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, a jẹ́ pé ó ga jù tàbí ó ti lọ sílẹ̀ jù.

Ẹ wá fi èyí wé bọ́tìnnì tí ọmọ mi tẹ̀. Kì í ṣe ìbalẹ̀ nìkan ni géèmù fò dá. Ẹni tó ń gbá a lè fi Hōshō pamọ́ sẹ́yìn erékùṣù, kó dúró gbọnin, kódà kó máa fẹ̀yìn rìn, bàálù yóò sì máa gbéra lórí rẹ̀. Ọkọ̀ gidi gbọ́dọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ kó sì sáré, bí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Eré tó lè sá kò ju bíi kìlómítà 46 ní wákàtí kan lọ, nítorí náà nígbà tí bàálù wúwo sí i, pèpéle náà kò gbà wọ́n mọ́. Nínú géèmù, bàálù tí wọ́n bá já lulẹ̀ yóò máa rọ́pò ara rẹ̀ lórí pèpéle ní díẹ̀díẹ̀. Mi ò bá àwọn tó ṣe é jà. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa mú bàálù balẹ̀ sórí mítà 23 ní gbogbo ìgbà, kò ní sí ẹni tí yóò kọjá ìpele kẹrin.

Ti ogun rẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún 1932, òun àti Kaga, ọkọ̀ agbébàálù Japan mìíràn, lọ sí Shanghai, bàálù wọn sì wà lára àwọn bàálù Japan tó kọ́kọ́ bá ti Ṣáínà jà lójú ọ̀run. Ará ìlú kú níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ìjà oṣù náà, mi ò sì fẹ́ ká fi ẹwà ẹ̀rọ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1935, ìjì líle kan mú ọ̀wọ́ ọkọ̀ wọn lójú òkun, iwájú pèpéle Hōshō sì wó. Nígbà tí ogun Japan àti Amẹ́ríkà dé erékùṣù Midway ní oṣù kẹfà ọdún 1942, ẹ̀yìn réré ni ó wà pẹ̀lú Yamamoto, ọ̀gágun àgbà ọ̀wọ́ ọkọ̀ Japan, pẹ̀lú bàálù ògbólógbòó mẹ́jọ tí ìyẹ́ wọn ṣì jẹ́ alápá méjì lókè àti nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ọ̀kan lára wọn rí Hiryū, ọkọ̀ agbébàálù Japan mìíràn, tó ń jó, pèpéle iwájú rẹ̀ ti fọ́ sílẹ̀ gbàgà, ó sì ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán yẹn ṣì wà nínú ìwé ìtàn títí dòní. Kò sí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan tí bàálù Hōshō rì; ọmọ àbúrò mi ti rì tó mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn Midway, ilé ẹ̀kọ́ ló dà, níbi tí àwọn awakọ̀ tuntun ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, nínú omi tí erékùṣù Japan yí ká. Ní ọdún 1944 wọ́n fa pèpéle rẹ̀ gùn kọjá mítà 180 nítorí bàálù tuntun, ìyẹn sì mú kí ó ṣòro fún un láti jáde sójú agbami nígbà tí ojú ọjọ́ bá burú. Bọ́ǹbù bà á ní èbúté Kure ní oṣù kẹta ọdún 1945, kò rì. Kò wọ́pọ̀ nínú ìran rẹ̀, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ agbébàálù Japan tí a kàn lẹ́yìn rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ òkun nígbà tí ogun parí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ tí kò rì yẹn, ibo ló wà báyìí?” Mo dá a lóhùn pé wọ́n fi kó àwọn ọmọ Japan tí ogun fi sílẹ̀ sí àwọn erékùṣù òkèèrè padà sílé, bí ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn, ìyẹn 40,000. Ọkọ̀ tí kò gba ju bàálù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ni wọ́n kó wọn sí, ní ìrìn àjò mélòó kan. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí, wọ́n wọ́ ọ lọ sí Osaka ní ọdún 1946, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ó sì di ọdún 1947 kí wọ́n tó gé e tán.