"Ọgbọ́n Ni, Kì Í Ṣe Oríire": Wáàsí Jímọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Pókà Jẹun Lẹ́yìn Yunifásítì

Àsàláámù aléékúm wàráhámátúlááhì wàbàrákátúhù. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni ọ̀rọ̀ tòní ń bá wí: ẹni tó mọ ìṣirò, tó ti ń jẹ owó nídìí pókà, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, láti yunifásítì, tó wá ń rò ó pé kí òun kúkú sọ ọ́ di iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó ń sọ ni pé, "Pókà kì í ṣe tẹ́tẹ́, ọgbọ́n ni." Ọ̀pọ̀ oníwàásí máa ń fo ibẹ̀ yẹn, ọmọ náà á sì gbà pé àáfà ò mọ ohun tí òun ń sọ.

Òótọ́ ni, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Nínú káàdì 52, oríṣi 1,326 ni káàdì méjì àkọ́kọ́ tó lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 221 ni wọ́n máa jẹ́ ace méjì, káàdì tó ga jù. Ẹni tó ń ṣírò èyí á jẹ owó ẹni tí kò ṣírò, bó pẹ́ bó yá. Ní January 2017, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Libratus bá ògbóǹtarìgì mẹ́rin ta ìpín 120,000 (ìpín kan ni káàdì tí wọ́n pín lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ta tán), ó sì na gbogbo wọn. Oríire lásán ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé nítorí àìsí ọgbọ́n ni Ọlọ́hun ṣe ka maysir, ìyẹn tẹ́tẹ́, léèwọ̀? Ẹ wo bí àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan ṣe ń ta á. Wọ́n á pa ràkúnmí, wọ́n á kó ọfà 10 sápò. Méje nínú ọfà yẹn ní ìpín ẹran, láti orí ẹyọ kan títí dé méje. Mẹ́ta jẹ́ òfìfo. Ẹni tí òfìfo bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló ń san owó ràkúnmí. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì sì sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ kì í fẹnu kan ẹran náà, aláìní ni wọ́n ń pín in fún. Síbẹ̀, Súúrà Al-Baqarah, 219, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ, Súúrà Al-Mā'idah, 90, sì pè é ní ẹ̀gbin nínú iṣẹ́ Ṣàìtánì. Nínú hàdíìsì tí Abu Dawud gbà wá, eré ràkúnmí, eré ẹṣin àti ọfà títa nìkan ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, yọ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn ìdíje. Ìmúrasílẹ̀ ogun ni àwọn onímímọ̀ fi ṣàlàyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọgbọ́n ló ń sọ nǹkan di háláálì, ohun tó máa wọlé ìbá pọ̀ ju mẹ́ta lọ.

Ibi tí owó náà ti ń wá ni ká wò. Nínú òwò, oníbúrẹ́dì gba owó, ẹni tí ebi ń pa gba búrẹ́dì, oníkálukú lọ sílé pẹ̀lú ohun tó wá. Ní ìdí tábìlì pókà, èèyàn mẹ́fà mú 100, 100 wá: ó di 600. Ilé tó gbà wọ́n lálejò ń yọ tiẹ̀ nínú owó àárín, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 5%, pẹ̀lú gbèdéke. Nígbà tí wọ́n bá dìde, owó ọwọ́ gbogbo wọn ò pé 600 mọ́. Òfò ẹlòmíràn nìkan ni èrè lè ti wá. Àwọn ògbóǹtarìgì gan-an ò fi pa mọ́: wọ́n ní yíyan tábìlì ṣe pàtàkì ju yíyan káàdì lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni wọ́n ń wá, "ẹja" ni wọ́n ń pè é. Ìgbà wo ni ẹja ń jáde? Lóru, ní ìparí ọ̀sẹ̀, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ tàbí tí ọtí ti wà lójú rẹ̀. Ẹ rántí pé aaya kan náà ló kó ọtí àti tẹ́tẹ́ pọ̀. Ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ò pé títí yóò fi fẹ́ fún arákùnrin rẹ̀ ohun tó ń fẹ́ fún ara rẹ̀. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá.

(Àwọn kan ń fi irọ́ inú pókà, ṣíṣe bí ẹni pé káàdì ẹni dáa, dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀rí yẹn ò lágbára tó: gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ̀ pé ó wà nínú eré.)

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ọ bí ìwọ náà ṣe ń ṣírò káàdì. Ká ní o dáa gan-an, o ń jẹ big blind 5 lórí ìpín 100 (big blind ni owó dandan tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kí ìpín tó bẹ̀rẹ̀, òun ni a fi ń wọn èrè). Owó yẹn ń lọ sókè-sódò tó 90 lórí ìpín 100 kan náà. Lẹ́yìn ìpín 10,000, èrè tó yẹ kó wọlé jẹ́ 500, ìyàtọ̀ tó lè bá a sì jẹ́ 900: nínú èèyàn 10 tó dáa bíi tìrẹ, bíi mẹ́ta ṣì máa wà nínú òfò láìṣe àṣìṣe kankan. Ní tábìlì ojúkojú, nǹkan bí ìpín 30 ni wọ́n ń ta ní wákàtí kan. Ìpín 10,000 máa gbà ju wákàtí 330 lọ, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bí o bá ń ta wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Owó ilé àti oúnjẹ ò ní dúró dè ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á jẹ nínú owó tí wọ́n fi ń ta, wọ́n á gun tábìlì ńlá láti gba òfò padà, tàbí kí wọ́n gba owó tí wọ́n á fi ta lọ́wọ́ agbátẹrù, tí òfò á sì máa jọ sí wọn lọ́rùn, tí wọ́n gbọ́dọ̀ dí i tán kí wọ́n tó rí nǹkan gbà nínú èrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ lo jẹ ní yunifásítì. Kì í ṣe àwọn ló jókòó síbi tí ò ń lọ.

Owó tó wà ní àkáǹtì náà ò tíì di tìrẹ. Ní ọjọ́ 15, April 2011, tó jẹ́ Jímọ̀, ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé ilé iṣẹ́ pókà orí íntánẹ́ẹ̀tì ńlá mẹ́ta. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó lówó lọ́dọ̀ Full Tilt dúró di 2014 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà.

Ti ìrun ńkọ́? Ìdíje ńlá lè gba wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìsinmi ò ju ìṣẹ́jú 5 lọ ní wákàtí kan. Iṣáì á sún, ẹni tó sì sùn ní aago mẹ́rin ò ní jí sí Àsùbáà. Ohun tí aaya 91 sọ gan-an nìyẹn: Ṣàìtánì fẹ́ fi í ṣẹ́rí yín kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun.

Ìwọ tó ti wà nínú rẹ̀, owó tí o fi bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ ti háláálì, tìrẹ ni. Èyí tí o jẹ lórí rẹ̀, bí o kò bá mọ olówó rẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní kí o kó o fún aláìní, láìretí láádá sàráà, torí pé mímọ́ ni Ọlọ́hun, kì í gbà bí kò ṣe ohun tó mọ́. Bí o bá ti jẹ ẹ́ tán, tí kò sì sí lọ́wọ́ rẹ, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àáfà tó mọ òfin, má dá a ṣe. Ọgbọ́n orí rẹ ò ní ṣòfò: ìṣirò, ṣíṣàyẹ̀wò ìwé owó, ìmọ̀ dátà, kíkọ́ ọmọ ní máàsì. Owó oṣù àkọ́kọ́ lè má tó ohun tí o jẹ ní òru kan tó dáa, a ò ní tàn ọ́. Ànábì Dáúdà, tó jẹ́ ọba, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ.

Kí o tó wẹ̀ fún Jímọ̀ lónìí, gba owó tó kù jáde, ti àkáǹtì náà pa, kí o sì ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ sára àwọn tí wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣí òmíràn mọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.