Ara Tètè Ń Ṣí Lọ, Ojú Ló Ń Pẹ́ Dé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síbí, mo sì ti fi díẹ̀ lára àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kún un torí òun gan-an ló dùn jù.

Ibi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá kan ló ṣàdédé dìde ní họ́ọ̀fù táìmù, ó ní ká ní bọ́ọ̀lù ni Usain Bolt gbá, kò sí difẹ́ńdà tó máa lè lé e bá, ẹnì kejì ní irọ́ ńlá, ẹnì kẹta ní kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ tí ẹni tó sá mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9.58 ò ní lè mọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ da bẹ́ǹṣì nù. Èmi dákẹ́ ni tèmi, torí ohun tí mo fẹ́ sọ gùn ju ohun téèyàn lè fi ariwo sọ lọ.

Ìbéèrè náà nìyí: ẹni tó ti di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré ìdárayá kan, tí wọ́n ń sanwó gọbọi fún un, ṣé ó lè bọ́ sí òmíràn kó sì jẹun níbẹ̀? Mi ò ní kó kàn lọ ṣeré o. Mo ní kó jẹun níbẹ̀, láàárín àwọn tó jẹ́ wípé iṣẹ́ wọn nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú.

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ n mú yín lọ sẹ́yìn ilé wa nígbà tí mo ṣì kéré. Tábìlì pákó kan wà níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù méjì àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dúró bíi nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ la ti ń gbá tẹ́bù-tẹ́nìsì. Bàbá mẹkáníìkì kan ni ọ̀gá ibẹ̀, ikùn ẹ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀ dé ìdí tábìlì, sílípáàsì ló sì máa ń wọ̀ gbá a. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ wíńgà tíìmù àdúgbò dé, èèyàn tó lè sáré, tó lè fò, ara ẹ̀ dà bíi rọ́bà, ó ní òun fẹ́ na bàbá. 21 sí 4 ni bàbá fi nà án. Bàbá ò tiẹ̀ kúrò lójú kan. Tó bá ti sáàfù báyìí, ẹ̀gbọ́n á fò sọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù á ti tẹ̀ sósì, àwa ọmọdé á sì máa kígbe. Nígbà tí wọ́n parí mo bi bàbá wípé kí ló fà á, ó ń fi àkísà nu bátì ẹ̀, ó ní: "Bọ́ọ̀lù ni ẹ̀gbọ́n ẹ ń wò. Kéèyàn tó rí bọ́ọ̀lù, ó ti pẹ́. Ọrùn ọwọ́ mi ló yẹ kó máa wò."

Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí látìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó la ojú mi tó ọ̀rọ̀ bàbá yẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2004. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Jennie Finch, softball ni tiẹ̀, eré tó fara jọ baseball, ọdún yẹn náà ló gba góòlù Òlíḿpíìkì. Wọ́n ní kó ju bọ́ọ̀lù sí àwọn ògbóǹtarìgì baseball nínú eré fàájì kan, Albert Pujols wà níbẹ̀, Mike Piazza wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ wípé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi igi lu bọ́ọ̀lù, wọn ò rí i lù. Ẹ lè rò wípé bọ́ọ̀lù Finch ló yára jù. Rárá o. Kò yára tó èyí tí wọ́n ń kojú lójoojúmọ́, ó tún tóbi jù ú lọ, ibi tó ti ń jù ú ló kàn sún mọ́ wọn, ẹsẹ̀ bàtà 43 dípò 60 àti ààbọ̀, tó fi jẹ́ wípé àkókò tí bọ́ọ̀lù fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ Finch ti ń yí wá, òkè èjìká làwọn ọkùnrin ti ń ju tiwọn. Bọ́ọ̀lù yẹn ò lò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà, kò sí ojú èèyàn tó lè rọra máa wò ó bọ̀, ṣe ni kéèyàn ti mọ ibi tó ń lọ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú. Ọdún gbọọrọ ni Pujols ti fi ka èjìká àti ọrùn ọwọ́, Finch wá gbé ìwé tí wọ́n kọ lédè míì síwájú ẹ̀. Èyí tá à ń pè ní ìyára yẹn, ìmọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀, inú ara ló kàn ń gbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ Michael Jordan.

Oṣù kẹwàá 1993 ló ní òun ò ṣe básíkẹ́ẹ̀tì mọ́, ó ti gba ife ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, wọ́n sì ti pa bàbá ẹ̀ lọ́dún yẹn, bàbá yẹn sì fẹ́ràn baseball gan-an. Ní 1994 ó wọ tíìmù Birmingham Barons, ìyẹn wà ní ipele méjì sábẹ́ líìgì ńlá. Ó kọ́kọ́ ń rí i lù o. Ìgbà tó yá ni àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù já a wípé tó bá ti jẹ́ èyí tó ń tẹ̀ ni, kò ní mọ̀ ọ́n. Ó gbá eré 127, nínú ìgbà 436 tí wọ́n kà fún un, 88 péré ló rí lù kó wúlò, ìgbà 114 ló kùnà pátápátá tó fi gbé igi ẹ̀ padà lọ jókòó. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sí lára wọn, torí nǹkan kan wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn tí wọn kì í sábà sọ: ó jí bèèsì 30. Kéèyàn jí bèèsì ni kó sáré láti ibì kan dé ìkejì káwọn tó ń ṣọ́ ọ tó rí bọ́ọ̀lù jù síbẹ̀. Ẹsẹ̀ nìyẹn, àyà nìyẹn. Níbi tó ti jẹ́ ẹsẹ̀, ọkùnrin náà ṣe é. Níbi tó ti jẹ́ kó ka ọwọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kò mọ̀wé, torí ìgbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì ló ti pa á tì, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jordan láṣọ. Àkísà ni ò ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń dùn mọ́ mi nìyí. Nígbà tí Jordan ń fi igi gbá atẹ́gùn ní Birmingham, ta ló wà lórí ìtẹ́ ẹ̀ ní NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà? Hakeem Olajuwon tiwa ni. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, oṣù kìíní 1963 ni wọ́n bí Hakeem l'Ékòó, oṣù kejì ni wọ́n bí Jordan. Ọjọ́ kan náà ni NBA mú wọn ní 1984, Hakeem ṣe ìkíní, Jordan ṣe ìkẹta. Hakeem yìí gan-an, ṣé ẹ rí i, ó bọ́ láti inú eré míì wá ni! Handball ló ń ṣe, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sílé, ó sì ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó kéré tán ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ó ti wà ní yunifásítì Houston.

Ẹ lọ wo fídíò eré kẹfà nínú àṣekágbá 1994, Houston pẹ̀lú New York. Houston fi 86 sí 84 ṣíwájú, John Starks fẹ́ ju bọ́ọ̀lù tí ì bá gba ife fún New York, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. Hakeem tó ga tó báyẹn sáré jáde sí i, ó nawọ́, orí ìka ló fi kan bọ́ọ̀lù. Ó tán. Ẹni tó bá ti ṣọ́lé rí, tó ti fi orí ìka ti bọ́ọ̀lù kọjá òpó, mọ nǹkan tó rí yẹn. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀, bó ṣe ń yí síbí yí sọ́hùn-ún tí ẹni tó ń mú un á fi di ère, òun fúnra ẹ̀ ló ti sọ wípé inú bọ́ọ̀lù àti handball lòun ti kó o wá.

Ẹnì kan wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀?" Mo ní ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ẹni tó ṣí lọ ní ọmọ ọdún 15 ṣì ní àkókò láti tún ojú ṣe. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan. Handball àti básíkẹ́ẹ̀tì bára tan: ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wà níwájú ẹ, o ń ṣọ́ èjìká ẹ̀, ò ń fi ẹsẹ̀ dí i lọ́nà. Ìwé tí Hakeem ti ń kà tẹ́lẹ̀ náà ni, ojú ewé ló kàn yí padà. Baseball ò bá básíkẹ́ẹ̀tì tan rárá.

Anti kan wá béèrè ti Chioma Ajunwa. Ó dára tó béèrè. Ajunwa wà lára Super Falcons tó lọ sí ife àgbáyé ní China ní 1991, ní 1996 ó fò mítà 7.12 ní Atlanta, góòlù Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nìyẹn. Èèyàn á ní ó kọ́já odò ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú mi, torí nínú eré fífò jìnnà kò sẹ́ni tó ń ju nǹkan sí ẹ, kò sẹ́ni tó ń tàn ẹ́ jẹ, ìwọ àti yanrìn ni. Ẹ tún wo Christian Okoye, awo tí wọ́n ń pè ní discus ló ń jù fún Nàìjíríà, wọn ò mú un lọ sí Òlíḿpíìkì 1984, ó bínú bọ́ sínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní 1989 òun ló sáré gbé bọ́ọ̀lù jìnnà jù ní gbogbo NFL, líìgì wọn, yáàdì 1,480. Gba bọ́ọ̀lù, sáré wọ àárín wọn, ẹni tó bá dúró níwájú ẹ á mọ̀ lára. Ibi tí ara ti ń ṣe ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá iṣẹ́, ara lè ṣí lọ síbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà, bí oko ṣe kún sí. Seun Adigun sá eré fífo igi fún Nàìjíríà ní London 2012, nígbà tó di 2018 òun ló ń wa ọkọ̀ orí yìnyín Nàìjíríà ní Pyeongchang, obìnrin méjì tó bá a lọ náà, asáré ni wọ́n. Pákó ni wọ́n kọ́kọ́ fi kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò, ní Houston, níbi tí yìnyín ò sí! Wọn ò gba àmì ẹ̀yẹ, àmọ́ wọ́n dé Òlíḿpíìkì. Ẹ lè fi eré bọ́ọ̀lù dán irú ẹ̀ wò? Àwọn ọmọ tó ń ti ọkọ̀ lórí yìnyín ní gbogbo ayé ò lè kún ọjà kan. Ti bọ́ọ̀lù, gbogbo àdúgbò láyé ni ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń gbá agolo.

Wọ́n ní Anthony Joshua ńkọ́, ọmọ Ṣágámù, ọmọ ọdún 18 ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́, ó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì ní ọmọ ọdún 22. Òótọ́ ni. Àwọn ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, oko yẹn náà ò kún. Ẹ wá wo Francis Ngannou ará Kamẹrúùnù tó ti inú UFC, ìyẹn ìjà tí wọ́n ti ń lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀, bọ́ sínú ẹ̀ṣẹ́ ní 2023, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu Tyson Fury, ọ̀gá nínú ẹ̀ṣẹ́, ṣubú nínú ìjà àkọ́kọ́ ẹ̀, díẹ̀ báyìí ni Fury fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lójú tèmi, Fury rí i bí Pujols ṣe rí Finch. Nígbà tó fi máa kan Joshua ní oṣù kẹta 2024, fídíò ti wà ńlẹ̀, ráúńdì kejì ni Ngannou sùn.

Bọ̀dá tó dá ọ̀rọ̀ Bolt sílẹ̀ ò gbà o. Mo rán an létí wípé Bolt ti gbìyànjú ẹ̀, ní 2018 ní Australia, lọ́dọ̀ Central Coast Mariners, ó tiẹ̀ jẹ góòlù méjì nínú eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kan, oṣù tó tẹ̀ lé e ló kúrò níbẹ̀. Ó ní àgbà ti dé sí i nígbà yẹn, ká ní ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ká ní ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti bẹ̀rẹ̀, ta ló máa wá sá 9.58? Kíríkẹ́ẹ̀tì ni Bolt fúnra ẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀, kóòṣì kíríkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló rí eré ẹsẹ̀ ẹ̀ tó fi ní kó lọ sáré. Ó ṣì ń jiyàn nígbà tá à ń kó àga.

Ìyá kan ló dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ti pé 13, ó ń ṣọ́lé fún tíìmù iléèwé ẹ̀, ọdún tó kọjá ló ṣàdédé ga, òrùlé ló ń wá, ṣé kóun mú un lọ síbi básíkẹ́ẹ̀tì? Mo ní, "Mà, tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ṣé ó máa ń ti kúrò lójú kan kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó gbá a?" Ó ronú díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tí kóòṣì ẹ̀ fi máa ń pariwo mọ́ ọn gan-an nìyẹn, wípé kì í dúró.

Mo ní kó mú un wá lọ́jọ́ Túsìdeè, kó wọ bàtà tí ò ní yọ̀.