Owó Wúrà Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Ipò Tí Ojú Rẹ̀ Wà

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹyọ owó tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni ogún faransì wúrà ilẹ̀ Faransé. Alákùkọ ni èmi máa ń pè é, nítorí àkùkọ tó nàró sí ẹ̀yìn rẹ̀; orí Marianne, obìnrin tó dúró fún ìjọba olómìnira wọn, ni ó wà ní ojú rẹ̀. Ọdún tí ẹ ó rí lára irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1899, ó sì parí sí 1914.

Èmi kò ní pẹ́ lórí bóyá wúrà ni tàbí kì í ṣe wúrà. Gíráàmù 6.45 ni ó yẹ kí ó wọ̀n, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 21, ìdá 900 nínú 1000 rẹ̀ sì jẹ́ wúrà. Ayédèrú tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí ìbú àti nínípọn rẹ̀ bá bá a dọ́gba, kò ní wúwo ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Òòfà nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí òòfà kì í fa wúrà, kì í sì í fa idẹ. Ó tán, ẹ jẹ́ kí a wo ojú rẹ̀.

Owó kì í jẹ ní gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó yọ síta jù ni àtẹ́lẹwọ́, àpò àti àwọn owó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń fá. Lára alákùkọ, ẹ wo irun Marianne lókè etí, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá yí i padà, kí ẹ wo ìyẹ́ àyà àkùkọ náà. Bí ó bá jẹ́ owó wúrà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, èyí tí ayàwòrán Pistrucci ya jagunjagun orí ẹṣin sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 1817, èjìká ẹṣin àti itan jagunjagun náà ni kí ẹ tẹjú mọ́. Etí owó náà ni kí ẹ fi ìka méjì dì mú, kí ìka yín má ṣe kan ojú rẹ̀ rárá.

Ibí yìí gba sùúrù. Bí irun náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lè jẹ́ pé ó ti jẹ, ó sì lè jẹ́ pé òntẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa láti ilé ìtẹwó. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ tan iná kan ṣoṣo, ẹ yí owó náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń rìn yípo lórí rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá gba orí ibi tó tẹ́ yẹn kọjá láìdáwọ́ dúró, òntẹ̀ ni kò tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí ó kú, tí àwọ̀ ibẹ̀ sì ṣú díẹ̀, ó ti jẹ nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí òntẹ̀ bá fi agbára balẹ̀ lórí wúrà, wúrà náà máa ń sún láti àárín lọ sí etí, á sì fi ìlà tíntìntín sílẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ìlà yẹn ló ń gbé iná kiri. Ó rí gẹ́gẹ́ bí aṣọ aró tí wọ́n fi kùmọ̀ lù títí tó fi ń dán yinrin: ẹ fi omi kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, dídán yẹn ti lọ, bó ti wù kí aró rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Aṣọ tiẹ̀ sàn, nítorí a lè tún un lù. Kò sí ẹni tó lè dá ti owó padà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o: Ẹ MÁ FỌ̀ Ọ́! Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má fi eérú fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé e fún alágbẹ̀dẹ wúrà pé kí ó bá yín dán an. Mo ń sọ èyí lójoojúmọ́, síbẹ̀ owó tí wọ́n ti fọ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi, ó ń dán yanran, inú olówó sì ń dùn. Ẹ sún mọ́ èyí kí ẹ wò ó: àpá wẹ́wẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà kan náà kún ojú rẹ̀, ìdọ̀tí sì kù sí ìdí àwọn lẹ́tà, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Ẹ MÁ FỌ̀ Ọ́!

Láti fi sọ ipò tí owó wà, àwọn oníṣòwò Faransé ń kọ TB, TTB, SUP, SPL àti FDC, láti èyí tó ti jẹ gan-an dé èyí tó dára jù. TTB ti jẹ, ṣùgbọ́n irun ṣì hàn. SUP ti jẹ lórí ibi tó yọ síta jù nìkan, dídán àtilẹ̀wá sì ṣì kù lára rẹ̀. SPL àti FDC kò jẹ rárá, àpá ìkọlura inú àpò ilé ìtẹwó ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo nọ́ńbà 1 dé 70, èyí tí William Sheldon gbé kalẹ̀ ní 1949. Láti 60 lọ sókè ni ti èyí tí kò jẹ. Èyí tí wọ́n bá fọ̀, nọ́ńbà náà kì í sábà tọ́ sí i mọ́.

Bí ẹ bá rí alákùkọ 1910 tó mọ́ tónítóní, ẹ má tètè yọ̀. Láàrin 1951 àti 1960, ilé ìtẹwó Faransé tún tẹ irú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọdún 1907 sí 1914 sí i lára. Wúrà gidi ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ́n díẹ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n.

Ìyá kan láti Kétu gbé tirẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn rí. Irun Marianne pé, àyà àkùkọ pé, ṣùgbọ́n ní etí owó náà, lápá òkè, ni àpá ibi tí wọ́n jó òrùka mọ́ wà, wọ́n sì ti fi ayùn fá a. Mo sọ fún ìyá náà pé ìwọ̀n wúrà rẹ̀ ni kí wọ́n fi tà á. Nítorí náà, ẹ yí etí owó yín wò yíká. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀: láti 1899 dé 1906, «Dieu protège la France» ni, láti 1907, «Liberté Égalité Fraternité» ni. Bí ọdún àti gbólóhùn kò bá bára mu, ẹ má sanwó.