Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Apu Jẹ́ Kó Lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Satyajit Ray sì ni mo gbé wá, olùdarí sinimá, ọmọ Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n bí ní Kolkata lọ́dún 1921. Pather Panchali, sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 1955, ni aráyé máa ń yìn jù, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n Aparajito tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1956 ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Apu ni ọmọkùnrin tí ìtàn inú sinimá náà dá lé. Bàbá rẹ̀ ti kú, Sarbojaya ìyá rẹ̀ nìkan ló kù fún un. Nígbà tí ọmọ náà rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní Kolkata, ìyá kọ́kọ́ fárígá, lẹ́yìn náà ló kó owó tó ti ń tọ́jú pamọ́ lé e lọ́wọ́.

Ó wá sílé nígbà ìsinmi. Lálẹ́ ọjọ́ tó kù kó padà, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jí òun ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n ìyá kò jí i lásìkò. Apu bínú, ó gbé ẹrù, ó sáré dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ dé lójú rẹ̀, ó wò ó, ó sì jẹ́ kó lọ. Ó padà sílé, ó ní òun kò bá ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé, ìyá sì fi pamọ́ fún ọmọ, ó ń jókòó sídìí igi, ó ń wo ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, títí di alẹ́ tí tanátaná ń tàn lẹ́bàá omi, tí ó rò pé òun gbọ́ ohùn ọmọ òun. Apu kò bá a láàyè.

Sinimá yìí kò tà ní Bengal, nítorí ó ṣòro fún àwọn òǹwòran láti rí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń kúrò lára ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àjọ̀dún sinimá Venice ní Ítálì fún un ní Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn rẹ̀ tó ga jù, lọ́dún 1957. Mo gbà pé òótọ́ rẹ̀ ló dùn wọ́n.

Nígbà tí mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde kẹ́yìn kí màmá mi tó papò dà, awakọ̀ ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, màmá ní kí n ní sùúrù kí òun wá ọ̀rá mìíràn so gàrí náà, kó má bàa tú sínú àpótí. Mo ní ọkọ̀ òfurufú kì í dúró de èèyàn. Mo bá ọkọ̀ náà.