Wáyà Iná Ilé Yín Ń Gbé Àṣẹ: Ẹ Wá Wo Ibi Tó Ti Ń Sọnù

Ẹ tẹ bọ́tìnì lórí fóònù, iná pálọ̀ tàn. Ẹ tẹ ti yàrá ẹ̀yìn, kò gbọ́. Ẹ tún un tẹ̀, ó dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má tíì pè é ní gbàrọgùdù, ẹ má sì tíì dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ yẹn. Àṣẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ ló sọnù lójú ọ̀nà. Ọ̀nà yẹn, ìyẹn wáyà inú ògiri, la fẹ́ tọ̀ lónìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, kíá. Iná tó ń wọ ilé máa ń yí padà ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 50 Hz tàbí 60 Hz. Ẹ̀rọ tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ á gbé àmì kékeré mìíràn, èyí tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, lé orí wáyà kan náà. Baba ńlá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni X10, tí iléeṣẹ́ Pico Electronics ní Scotland ṣe ní 1975. 120 kHz ni àmì tirẹ̀, ìyẹn ìgbà 120,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ kò ní ka iná ńlá sí, àmì kékeré yẹn nìkan ni yóò mú.

Ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Iná tó ń yí padà yìí máa ń kan òdo lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo ibi tí ìlù ti ń dún kíkankíkan. Ẹni tó gbọ́n kì í bá ìlù du ariwo. Á máa ṣọ́ ìgbà tí onílù bá gbé ọwọ́ sókè, á sọ gbólóhùn kan, ìlù á tún bẹ̀rẹ̀, á tún dúró. Bí X10 ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nígbà tí iná bá kan òdo, ló máa sọ tirẹ̀ fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí á sì panu mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀. Odindi àṣẹ kan, kó pe orúkọ ẹ̀rọ, kó sì sọ ohun tó máa ṣe, gba yíyí 47. Lórí iná 50 Hz, ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé tẹ bọ́tìnì lé bọ́tìnì! Èkejì ń lọ forí gbá èkíní lórí wáyà, àwọn méjèèjì á sì bàjẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró, ẹ wò ó. Èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ kì í sì í dáhùn padà. Tí fóònù bá ní iná ti tàn, ohun tó ń sọ ni pé òun ti ránṣẹ́. Kò mọ̀ bóyá gílóòbù gbọ́.

Àwọn adápítà HomePlug, tí wọ́n ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì gba inú wáyà iná, tẹ̀lé ọ̀nà mìíràn. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ sí orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà tóóró láàárín 2 MHz sí 28 MHz. Bí ariwo bá wà lórí ọ̀kan, wọ́n á gbé ẹrù lọ sórí òmíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kí HomePlug AV lè kọ 200 Mbps, ìyẹn bó ṣe yára tó, sára páálí rẹ̀. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ara páálí o. Gbogbo adápítà tó wà nínú ilé ló jọ ń pín in, ohun tó máa dé ọwọ́ yín kéré sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n títan iná àti pípa á kò gba nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣe é lódì la dé yìí.

Ẹ MÁ KI ADÁPÍTÀ BỌ INÚ Ẹ̀KÌTẸ́ŃṢỌ̀N. Pàápàá ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n tó ní surge protector, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ nígbà tí iná bá ga lójijì. Mo mọ̀ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í tó. Ẹ má ṣe é síbẹ̀.

Kí ló dé? Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n bẹ́ẹ̀, kapásítọ̀ wà láàárín láìfù àti níútírà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó pa ariwo tó bá yára ju iná ilé lọ. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Kapásítọ̀ 0.1 microfarad máa ń fi nǹkan bí 32,000 ohm dènà iná 50 Hz, nítorí náà iná ilé kò rójú ráyè gba inú rẹ̀. Fún àmì 120 kHz, 13 ohm péré ni. Àmì yín dé ibẹ̀, ó rí ọ̀nà ẹ̀búrú tó rọrùn ju kó lọ bá gílóòbù lọ, ó gba ibẹ̀, ó parí. Lójú ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n yẹn, ariwo ni àṣẹ yín. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ló ń ṣe.

Mo tún un sọ: SỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ ARA ÒGIRI, TÀÀRÀ! Tí ẹ bá nílò ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n dandan, ẹ wá adápítà tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú tirẹ̀, tí asẹ́ (filter), ìyẹn ohun tó ń dá ariwo dúró, wà nínú rẹ̀. Adápítà ló máa wọ ara ògiri, ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n ló máa wọ iwájú adápítà. Ẹ wo iye áńpù tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ má lọ so ẹ̀rọ ìgbóná mọ́ ọn.

Ẹ ti ṣe ìyẹn, àṣẹ ṣì ń sọnù? Ariwo la máa wá báyìí. Ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú, gílóòbù LED tí kò dára, páwà kọ̀ǹpútà: àwọn ni onílù tí kì í gbé ọwọ́ sókè rárá. Ẹ lọ sídìí bọ́ọ̀dù iná, ẹ pa gbogbo búréékà, ó ku èyí tó ń gbé ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ àti èyí tó ń gbọ́. Tí àṣẹ bá ń lọ geerege, ẹ máa tan búréékà yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa dán an wò. Ibi tó bá ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀daràn wà. Ẹ yọ àwọn nǹkan tó wà lórí ìlà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí i, kí ẹ wá fi asẹ́ sí ìdí òun nìkan. Ẹ má ra asẹ́ mẹ́wàá kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ ń lé.

Bí ilé yín bá jẹ́ féèsì mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè yìí kí ẹ tó fura sí ohunkóhun: ṣé féèsì kan náà ni àwọn méjèèjì wà? Àmì 120 kHz kì í sáàbà fo láti féèsì kan sí òmíràn. Ti HomePlug lè fò díẹ̀ níbi tí wáyà bá ti sún mọ́ra nínú páìpù, ṣùgbọ́n ó máa rẹ̀ kó tó dé. Ohun tó ń tún un ṣe ni coupler, tí wọ́n ń so sínú bọ́ọ̀dù. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé kapásítọ̀ tó ń gbé àmì mì nínú ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n ni irú èyí tó ń gbé e sọdá níbí. Ibi tí wọ́n so ó sí ló yàtọ̀. Ẹ má yọ kapásítọ̀ inú rédíò àtijọ́ wá síbẹ̀ o! Èyí tí wọ́n ṣe fún ojú iná ilé, tí wọ́n kọ X2 sí lára, tí agbára fóltì rẹ̀ sì tó ti àárín féèsì méjì, ló yẹ, oníná tó mọṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ so ó.

Súwíìṣì ara ògiri ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba àṣẹ nílò níútírà, nítorí ó gbọ́dọ̀ máa rí iná jẹ kódà nígbà tí gílóòbù bá kú. Àpótí súwíìṣì àtijọ́ kì í sábà ní in: láìfù tó wọlé àti láìfù tó ń lọ sí gílóòbù nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn kan á wá mú áàtì, wọ́n á so ó bíi níútírà, ó sì máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló burú. Ẹ MÁ ṢE É! Bí wáyà áàtì yẹn bá já níbì kan, gbogbo irin tó so mọ́ ọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn. Ẹ fa níútírà gidi wá, tàbí kí ẹ ra súwíìṣì tí kò nílò rẹ̀. Irú ìyẹn lè mú kí gílóòbù LED kékeré máa ṣẹ́jú. Kapásítọ̀ tó sábà ń bá a wá nínú páálí, ìdí gílóòbù ni wọ́n ń so ó mọ́. Kí ẹ tó ṣí àpótí kankan, ẹ pa búréékà, kí ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Súwíìṣì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù (dimmer) kì í ṣe ti fáànù, kì í ṣe ti fíríìjì. Mọ́tò á máa kùn, á máa gbóná. Èyí tó ń já iná, tó ń so ó, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀: áńpù 10 lórí 230 fóltì jẹ́ wáàtì 2,300. Ẹ̀rọ ìgbómigbóná wáàtì 3,000 ń fa áńpù 13. Tí ẹ bá so ó mọ́ súwíìṣì áńpù 10, á máa ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ tí ojú irin inú súwíìṣì yẹn máa yọ́ lẹ̀ mọ́ra, tí ẹ ó máa sọ pé kó kú, tí kò ní kú.

Ó ku ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Wáyà kì í parí sí ẹnu ọ̀nà yín. X10 ní lẹ́tà ilé 16, A títí dé P, àti nọ́ńbà 16 lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi í sórí A bó ṣe ti ilé ìtajà dé, tí aládùúgbò náà sì fi í sórí A, ẹ ó jọ máa tan iná ara yín. Ẹ yí i padà. Ti HomePlug AV le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, HomePlugAV, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé wá. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìsopọ̀ lára àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ ti èkejì kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Wọ́n á dá ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun sílẹ̀ láàárín ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé wọn lọ sí yàrá tó bá wù yín láìtún wọn so, àyàfi tí ẹ bá tẹ reset. Tí ẹ bá tẹ ìyẹn, HomePlugAV ni wọ́n tún padà sí.