Bí a ṣe ń mú ìtànṣán méjì tí pọ́sítírọ́ọ̀nù àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń di nígbà tí wọ́n bá pa ara wọn rẹ́

Ẹ kú àbọ̀. Ohun tó wà lórí tábìlì yìí ni orísun sódíọ̀mù-22 kékeré kan àti ẹ̀rọ agbàtànṣán méjì tí kírísítálì wà nínú wọn. Sódíọ̀mù náà ń tu pọ́sítírọ́ọ̀nù jáde, ìyẹn ìkejì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí iná mànàmáná ara rẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù dípò nẹ́gẹ́tíìfù. Bí ọ̀kan bá ti pàdé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, wọn a pa ara wọn rẹ́, gbogbo ìwúwo wọn a sì di ìtànṣán gámà méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 511 keV (keV ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ìtànṣán).

Ẹ fi ẹ̀mú gbé orísun náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, kí ẹ sì fi í sáàárín abala alumíníọ́ọ̀mù méjì tó nípọn tó mìlímítà kan. Mo fojú di ìgbésẹ̀ yìí nígbà kan rí: àwọn pọ́sítírọ́ọ̀nù fò lọ, wọ́n lọ parẹ́ lára ògiri àti tábìlì, n kò sì mọ ibi tí ìtànṣán ti ń wá mọ́.

Ẹ fi sísíọ̀mù-137, tí ìtànṣán rẹ̀ jẹ́ 662 keV, ṣe òdiwọ̀n ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ tó gbé sódíọ̀mù wá síwájú wọn. Ṣóńṣó méjì ni yóò hàn lórí gíráàfù tó ń fi iye ìtànṣán tó wọlé ní agbára kọ̀ọ̀kan hàn, ní 511 àti ní 1275 keV. Èyí tó wà ní 1275 kò ti inú ìparẹ́ wá. Kókó átọ́ọ̀mù níọ́ọ̀nù tí sódíọ̀mù náà dà ló ń tú u jáde.

Ṣóńṣó 511 nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn bí ẹ̀rí. Inú igun ni ẹ̀rí gidi wà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ méjèèjì kọjú síra, kí orísun wà láàárín wọn, kí ẹ sì so wọ́n mọ́ òǹkà tí kì í ka nǹkan kan àfi bí àwọn méjèèjì bá gba 511 lẹ́ẹ̀kan náà. Wàyí o, ẹ rọra yí ẹ̀rọ kan yípo orísun ní dígírì márùn-ún márùn-ún. Iye tí ẹ ń kà yóò já wálẹ̀ kíákíá, nítorí pé pọ́sítírọ́ọ̀nù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró jẹ́ẹ́ kí ó tó parẹ́, débi pé ìtànṣán kan kò lè gba iwájú lọ láìjẹ́ pé èkejì gba ẹ̀yìn. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń jẹ́ méjì, tí kì í fi í ṣe ẹyọ kan.

Kò ní di òfo pátápátá o, ẹ má sì jẹ́ kí èyí dà yín láàmú: ìtànṣán 1275 tó fi díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ sílẹ̀ nínú kírísítálì lè fara hàn bí 511. Ẹ ka iye tó wà ní dígírì 90, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìyókù.