Kóńgò Ló Yí, Gàárì Ò Yí

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ń gúnyán lọ́wọ́, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nínú ìpàdé alájẹṣẹ́kù wa ní Adó-Èkìtì, bàbá kan dìde. Ó ní, "Wọ́n ní ọ̀wọ́n-gógó ọjà tó jẹ́ pásẹ́ńtì 34.80 lóṣù Kejìlá ti di 24.48 lóṣù Kìíní. Iṣu ọjà wo ló wá já wálẹ̀?" Ẹ̀rín sọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa ń ṣì í!

NBS, àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ló pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Owó ọjà ọdún 2009 ni wọ́n ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e sí ti 2024.

Ìyá mi ta gàárì ní Ọjà Ọba. Lọ́jọ́ tí wọ́n ra kóńgò tuntun tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, àpò tó máa ń jẹ́ kóńgò ogójì di ọgbọ̀n. Èmi ọmọdé figbe ta pé olè ti kó kóńgò mẹ́wàá lọ. Ìfọ́tí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. KÓŃGÒ LÓ YÍ, GÀÁRÌ Ò YÍ!

Kódà, ká ní kóńgò kan náà ni. Ọ̀kadà tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tó wá dẹ eré, ṣé ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni? Ó ṣì ń gùn ún! Bẹ́ẹ̀ ni ọjà: eré tí owó ọjà fi ń gòkè lọ́dún ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ó dẹ eré ni, kò sọ̀ kalẹ̀.

Kí ló kan olówó ńlá níbẹ̀? Ó kàn wọ́n gan-an. Ẹni tó fẹ́ yá ìjọba lówó máa kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yìí. Bí bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé owó tá a yá ìjọba, bá ń san èlé pásẹ́ńtì 15 lọ́dún, tí ọjà ń fi 20 gbówó lórí, owó ẹ ń rù nínú àpò. Bí kò bá wá gba nọ́ńbà náà gbọ́ ńkọ́? Á bu owó ìbẹ̀rù lé èlé tó máa béèrè, ìjọba á sì san án, látinú owó orí tèmi tìrẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà yìí jáde fún tolówó tálákà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fojú kàn án ṣáájú, ó ti jẹun kí wọ́n tó tẹ́ tábìlì.

Má sì sọ pé kò kàn ẹ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà péré lo fi lè ra bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba.

Ìgbìmọ̀ tó ń pinnu èlé ní CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, rí 24.48 yẹn lóṣù Kejì, wọn ò tìtorí ẹ̀ já èlé wálẹ̀, pásẹ́ńtì 27.50 tó wà náà ni wọ́n fi sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 náà, lẹ́yìn tí ọjà ti ń dẹ eré léraléra, ni wọ́n tó dín in sí 27.

Mo mú ìròyìn yẹn lọ sípàdé. Bàbá tún dìde. Mo ti ń gbára dì.

"Kóńgò tuntun yẹn náà ni wọ́n ṣì fi wọ̀n ọ́n, àbí wọ́n tún ti pààrọ̀ ẹ̀?"